Ibojì Aláìlórúkọ ní Milledgeville

Ní ìlú Milledgeville, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn kan sí fún àwọn alárùn ọpọlọ. Ọdún 1842 ni ó gba aláìsàn àkọ́kọ́. Ilé náà ń gbòòrò títí àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ fi ju 10,000 lọ ní nǹkan bí ọdún 1960. Ìtọ́jú kò bá wọn pọ̀ sí i. Ní ọdún 1959, Jack Nelson, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Atlanta Constitution, tú àṣírí rẹ̀ pé dókítà 48 péré ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó jẹ́ onímọ̀ àrùn ọpọlọ.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n mú wọ ibẹ̀ ni kò padà sílé mọ́. Bí aláìsàn bá kú, tí ará ilé rẹ̀ kò wá gbé òkú rẹ̀, ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà ni wọ́n ń sin ín sí. A gbà pé wọ́n tó 25,000. Orí ibojì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ri irin kékeré kan mọ́, nọ́ńbà nìkan ni ó sì wà lára irin náà. Ìtìjú ni ó bí i. Ẹbí kò fẹ́ kí ayé gbọ́ pé wèrè wà ní ìdílé àwọn, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí ń fi oríkì pe òkú, kí ni yóò fi ki nọ́ńbà?

Lẹ́yìn náà ni èyí tí ó burú jù dé. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn tí ń tún ilẹ̀ náà ṣe rí i pé irin wọ̀nyí ń dí ẹ̀rọ ìgékoríko lọ́wọ́. Wọ́n fà wọ́n tu, wọ́n kó wọn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n rò. Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kí ó yá. Láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà pàápàá kò ti tọ́ka sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ọdún 1997, àwọn kan tí àrùn ọpọlọ ti ṣe rí dé ibẹ̀, wọ́n bá igbó. Àwọn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kì í ṣe ìjọba. Wọ́n ṣa irin tí wọ́n rí, nǹkan bí 2,000, wọ́n tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní itẹ́ òkú Cedar Lane, a sì gbé ère áńgẹ́lì onídẹ kan kalẹ̀ síbẹ̀. Irin náà dúró ṣánṣán lónìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dúró sórí ẹni tí ó ni ín.