Oòrùn Abidjan àti Ààbò Ojú Ọ̀run

Ní ọdún 1985, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé afẹ́fẹ́ ozone ti fẹ́lẹ́ gidigidi lókè ilẹ̀ yìnyín tí ó wà ní gúúsù ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀ràn náà kò kan ìlú bí Abidjan. Òótọ́ ni pé kò sí irú ihò bẹ́ẹ̀ lókè Côte d'Ivoire. Ṣùgbọ́n ẹni tí aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ láti ilẹ̀ wá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ya.

Ozone ni ó ń dá èyí tí ó léwu jù dúró nínú ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Bí wọ́n bá lè kó gbogbo rẹ̀ wá sí ilẹ̀, kí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kò ní nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 3 lọ. Ní itòsí ìlà agbedeméjì ayé, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni Abidjan wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán a wà ní àtàrí gangan, ìtànṣán rẹ̀ a sì gba ọ̀nà kúkúrú balẹ̀. Bí ozone bá dín ní ìdá 1 nínú 100, ìtànṣán tí ń jó awọ ara yóò pọ̀ sí i ní ìwọ̀n bí ìdá 1 nínú 100.

Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ọjọ́ pípẹ́ mọ bí oòrùn ibẹ̀ ti rí fún ẹni tí ó pàtẹ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Awọ dúdú ní ààbò díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtànṣán yìí a máa ba ojú jẹ́. Ní ti àwọn àfín, ó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe Àdéhùn Montreal láti fòpin sí àwọn gáàsì inú fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù tí ń run ozone. Côte d'Ivoire darapọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1993. Àdéhùn náà so èso. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 2022 fi hàn pé, bí wọn kò bá yẹ̀ é, ozone yóò padà sí bí ó ti wà ní ọdún 1980 ní ọ̀pọ̀ ibi láyé ní nǹkan bí ọdún 2040, àti lókè ilẹ̀ yìnyín gúúsù ní nǹkan bí ọdún 2066.

Ohun méjì ni ó kù. Èkíní, gáàsì àtijọ́ ṣì lè wà nínú fíríìjì àlòkù. Alátùn-únṣe tí ó bá tú u sáfẹ́fẹ́ ń ba iṣẹ́ gbogbo ayé jẹ́. Èkejì, ozone tí ó padà bọ̀ sípò kò ní sọ oòrùn ọ̀sán Abidjan di òṣùpá. Ìbòji lọ́jà, fìlà tí ó gbòòrò àti aṣọ alápá gígùn fún ọmọ àfín tí ń lọ sí ilé-ìwé kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dúró di ọdún 2040.