Ẹ Má Sọ Pé "A Dúpẹ́" Nígbà Tí Ọmú Ń Dùn Yín

Àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ yìí ni ẹ ní ká sọ̀rọ̀ lórí fífún ọmọ lọ́mú ní Bìrìtéènì tí a wà yìí.

Ìjọba kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. NHS ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Láti 1994 ni UNICEF ti ń yẹ àwọn ilé ìwòsàn ibí wò, bóyá wọ́n ń kọ́ ìyá bí ọmọ ṣe ń gbá ọmú mú. Agbẹ̀bí á wá sílé, lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní health visitor. National Breastfeeding Helpline ti wà lórí tẹlifóònù láti 2008. Òfin 2010 sì kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni lé ìyá jáde nílé oúnjẹ torí pé ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Síbẹ̀, nínú ìwádìí ìjọba ti 2010, ìyá 81 nínú 100 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 55 ló kù.

Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni ìjà wà. Orí ọmú á dá egbò, ọmọ á ké mọ́jú, ìyá-àgbà tó tilé dé á ní omi lọ́mọ ń fẹ́. A kò bú àwọn ìyá wa o, àwọn ló tọ́ wa. Ṣùgbọ́n ikùn ọmọ tuntun kéré. Àyè ọmú ni omi ń gbà, ọmú tí ọmọ kò bá sì fà dáadáa, kì í sun dáadáa.

Ìyàwó kan wà tí a lọ kí. Health visitor bi í pé báwo ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "A dúpẹ́." Òyìnbó náà kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó fi bú sẹ́kún. Orí ọmú nìkan lọmọ ń fà mu! Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí ẹ bá sọ fún un.

Ẹni tí dókítà bá ní kó má fún ọmọ lọ́mú, kó gbọ́ ti dókítà. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé vitamin D. Oòrùn ibí kò tó àwọ̀ dúdú wa. NHS ní kí ọmọ tó ń mu ọmú máa gba microgram 8.5 sí 10 lójoojúmọ́ láti ìgbà tí a ti bí i, kí ìyá gba 10. Bí owó tó ń wọlé bá kéré, ẹ bèèrè nípa Healthy Start, ọ̀fẹ́ ni tiwọn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin náà lè pe nọ́ńbà náà fún ìyàwó yín. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ pè wá kí ẹ tó lọ ra mílíìkì agolo. Lẹ́yìn ìpàdé, a ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná.