OWÓ ÀLEJÒ ÀTI OHÙN ONÍLÉ
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́)



Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ ni ti àwọn olówó òkè òkun tó ń ràn wá lọ́wọ́, àti ohun tí owó wọn ń ṣe nínú ìṣèlú wa. Ẹ má wí pé kí ló kan aláta níbẹ̀. Ó kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká fi Bill Gates, olówó Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ. Àjọ rẹ̀ náwó gan-an sórí àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ wa lẹ́nu. Oore ni, a sì dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n lóṣù kẹta ọdún 2018, ó dúró l'Abuja níwájú àwọn gómìnà, ó ní ètò ọrọ̀ ajé ìjọba kò ka ìlera àti ẹ̀kọ́ aráàlú sí tó, pé Nàìjíríà wà lára ibi tó léwu jù láyé fún obìnrin láti bímọ. Òótọ́ ló sọ. Ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé a ò ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́ ni? Ta ló pè wá s'Abuja? Ọwọ́ tó ń fúnni ló ń lékè. Ó sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ṣì í sọ lọ́la ńkọ́? A ò dìbò fún un, a ò sì lè fìbò yọ ọ́.

Òfin mọ èyí. Abala 225 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ tọ́jú owó tó bá ti òkè òkun wá. Láàárín ọjọ́ 21 ni kó kó o fún INEC. Àmọ́ ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan lòfin yẹn tì. Owó ìrànwọ́ ń gba ọ̀dọ̀ ìjọba wọlé.

Mi ò ní ká lé olóore o. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè ni: èló ló wọlé, kí ni wọ́n fi ṣe, èló ni ìjọba tiwa fi kún un?

Ìlànà kẹrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé, ti 1995, sọ pé bí ẹgbẹ́ bá gbowó lọ́wọ́ ará ìta, àṣẹ gbọ́dọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Nítorí náà, ẹ má fojú kéré owó tí ẹ ń dá lóṣooṣù. Òun ló jẹ́ kí ẹ lè dìde nípàdé, kí ẹ ní, “Akọ̀wé, ṣàlàyé owó wa.” Bó ṣe yẹ kó rí ní ìlú náà nìyẹn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọdún á yabo fún gbogbo wa.