Aago Mélòó Ló Lù?

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tó bá wù wá. Ohun tó wù wá ni aago, nítorí pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ yìí ká ní ọdún kẹta.

Ẹ ó rántí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìpàdé, ẹni tó bá pẹ́ dé yóò san owó ìtanràn. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wọlé, akọ̀wé ní mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Onítọ̀hún na ọwọ́ síta, ó ní aago ọwọ́ tòun kò tíì pé mẹ́rin. Akọ̀wé wo fóònù, akápò wo ti ògiri, kò sí méjì tó bára mu. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Oṣù méje gbáko ni onítọ̀hún kò fi wá sí ìpàdé mọ́. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báǹkì, tí ìṣẹ́jú kan lè sọ owó òní di ti ọ̀la, a ò mọ ẹjọ́ tí a ó dá.

Láti ìgbà náà la ti ń ro ó pé, kí tiẹ̀ ni aago?

Àwọn bàbá ńlá wa kò mọ aago ọwọ́. Agogo ni wọ́n mọ̀, irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí akéde ń lù láti àdúgbò dé àdúgbò kó tó jẹ́ iṣẹ́ ọba. Ẹnu wa sì máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú: egúngún di eégún, òtítọ́ di òótọ́, agogo náà di aago. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ gbé agogo tiwọn dé, orúkọ kan náà la fi pè é. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń dún ní wákàtí wákàtí dé, a tún fún un lórúkọ yẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè títí dòní pé, "Aago mélòó ló lù?" Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Kí ló lù? Etí la fi ń mọ àkókò, kì í ṣe ojú. Kó sì tó di pé ẹ̀rọ dé, àkùkọ ń kọ, ìyálẹ̀ta ń pé, oòrùn ń kan àtàrí, kò sí ẹni tó ń san owó ìtanràn nítorí ìṣẹ́jú méjìlá.

Kì í ṣe àwa nìkan. Clock tí Òyìnbó ń pè, láti ara clocca ti èdè Látìn ló ti wá, agogo ló sì túmọ̀ sí. Títí dòní, Glocke ni àwọn ará Jámánì ń pe agogo, cloche ni ti àwọn Faransé. Ọ̀nà kan náà la gbà, kò sì sí ẹni tó kọ́ ẹnìkejì. Àwọn Haúsá ń pe aago ní agogo gan-an, wọn ò gé e. Ní Bràsíl, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, agogo wà nínú candomblé, ó wà nínú samba, ṣùgbọ́n ohun èlò orin ló ṣì jẹ́ níbẹ̀. Relógio ni wọ́n ń pe èyí tó ń sọ àkókò.

Ti fóònù ló dùn mọ́ wa jù. A ní "nọ́ńbà aago", a ní "a ó pè yín lórí aago". Ó ń dún, ó ń peni: ọ̀rọ̀ náà ti padà sọ́wọ́ akéde.

Agogo kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́ láyé àtijọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ kò lè sọ pé tòun ò tíì lù. Nísinsìnyí, olúkúlùkù ló so tirẹ̀ mọ́ ọwọ́, olúkúlùkù ló ní mẹ́rin tirẹ̀. Akọ̀wé kò purọ́ lọ́jọ́ náà, onítọ̀hún náà kò purọ́. Àwa la ṣe òfin tí a ò ní agogo.

Ìdí nìyí tí a fi gbé àbá wá lóṣù tó kọjá pé kí ẹgbẹ́ ní agogo kan, kí a lù ú bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìlù ló pẹ́, ohun yòówù kí aago ọwọ́ rẹ̀ máa wí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ayé àtijọ́ la fẹ́ padà sí. Àwọn kan béèrè ẹni tí yóò máa lù ú. A ní alukoro ni, ṣebí iṣẹ́ akéde ni. Alága ni yóò mi orí sí wa kí a tó lù ú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé à ń ṣe ojúsàájú. Àbá wọlé.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó bínú lọ lọ́jọ́sí wà lórí ìjókòó níwájú yìí. Òun ló lọ bá alágbẹ̀dẹ, tó fi owó ara rẹ̀ ní kí wọ́n rọ agogo náà. Ó wà lórí tábìlì alága, ẹ lè yà wò ó bí ẹ bá ń lọ síbi oúnjẹ. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ la ó kọ́kọ́ lù ú, ní aago mẹ́rin.