Ọkọ̀ Àlòkù Tí Ó Yẹ Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú)

 

Àwọn alákòóso ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ń da ọ̀pọ̀ òbí láàmú, èyíinì ni irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tí ó yẹ kí a rà fún ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré jù fún àpéjọ ìlú. Kò kéré rárá. Owó tí ó ń bá a rìn kì í ṣe owó kékeré. Ẹ̀mí ọmọ sì ni ẹrù tí ọkọ̀ náà yóò máa gbé.

Ìlú ẹ̀kọ́ ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1896 ni a dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ni Yunifásítì Ajayi Crowther fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, 1990 ni ìjọba dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, èyí tí a wá fi sọrí Olóògbé Ládòkè Akíntọ́lá, tí tàgbà tèwe sì ń pè ní LAUTECH. Ọmọ Ọ̀yọ́ ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń kàwé ní Ọ̀yọ́, ọ̀nà tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì sì lé díẹ̀ ní 50 kìlómítà. Orí ọ̀nà yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Èkíní, kí a tó bèèrè irú ọkọ̀ tí a ó rà, ẹ jẹ́ kí a bèèrè bóyá ọmọ náà nílò ọkọ̀. Ọmọ tí ó ń gbé ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ọ̀kadà àti takisí sì ń kọjá níwájú ilé rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò nílò ọkọ̀. Ó kàn fẹ́ ẹ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ tí ó sì ń kàwé, tàbí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè gun ọ̀kadà, ó nílò rẹ̀. Àwọn àgbà kan a máa wí pé ẹsẹ̀ ni àwọn fi rìn nígbà tiwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ kò jìnnà tó 50 kìlómítà.

Bí ọmọ bá nílò ọkọ̀, kí a rí i pé ó ti pé ọmọ ọdún 18, pé ó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó sì ti gba ìwé-àṣẹ ìwakọ̀. Ìwé-àṣẹ tí a fi owó rà láìkọ́ṣẹ́ kì í tẹ bíréèkì fún ènìyàn. Kí a sì bèèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà bí òfin wọn bá gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti ní ọkọ̀, kí a má baà ra ọkọ̀ tán kí ó wá di ohun àmúsìn lẹ́yìnkùlé.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń rà. Ìgbà kan wà tí àlòkù kì í ṣe ìrètí wa. Láti 1975 ni a ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí a sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, òṣìṣẹ́ ìjọba sì lè yá owó ra ọkọ̀ tuntun, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986 dé, tí agbára náírà sì wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun fò kọjá ọwọ́ òṣìṣẹ́. Bí ọkọ̀ tí a ti lò lókè òkun ṣe gba ọjà nìyẹn. A sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí a bí lókè òkun.

Ọ̀pọ̀ wa ni ó gbà pé tòkunbọ̀ sàn ju ọkọ̀ tí a ti lò nílé lọ nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni a rà ní ọjà gbàǹjo Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ó ti jàm̀bá, tàbí tí omi ti bò ó, tí a wá tẹ́ ara rẹ̀, tí a kùn ún, tí ó sì ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọkọ̀ tí olùkọ́ kan ti lò ní Ọ̀yọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí mẹkáníìkì kan ṣoṣo ń tọ́jú rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ ibi tí ó ti ń bọ̀, lè sàn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó mọ ìtàn ọkọ̀ ni ó mọ ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, irú èwo ni kí a rà? Èrò wa kò ju ọ̀kan lọ: ọkọ̀ tí ó yẹ ọmọ ni èyí tí ọmọ náà lè bọ́, tí ó sì lè gbé e dé ilé láàyè. Ẹ yan ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré, tí kò ju lítà 1.8 lọ, irú Toyota Corolla tàbí Nissan Micra. Àwọn awakọ̀ takisí Ìbàdàn tí wọ́n ń lo Micra lọ́pọ̀ yanturu kò fi ojú ẹwà yàn án. Epo tí kì í mu jù àti ẹ̀yà ara rẹ̀ tí ó wà níbi gbogbo ni wọ́n wò. Kí ẹ tó san owó, ẹ pe mẹkáníìkì ní Tákìé tàbí ní Owódé Ọ̀yọ́, kí ẹ bi í bí ó bá ti tún irú ọkọ̀ náà ṣe rí, àti ibi tí a ti ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀. Bí ó bá ní Èkó nìkan ni a ti ń rí i, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò epo pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ bá ń fi lítà kan rin kìlómítà 10, àlọ àti àbọ̀ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yóò jẹ ó kéré tán lítà 10. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó di lítà 30. Lẹ́yìn ìkéde 29 May 2023 pé ìjọba kò ní san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, iye epo fò sókè. Nígbà tí ó fi di October 2024, ó ti kọjá ₦1,000 lórí lítà kan ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣírò sọ lítà 30 yìí di owó, kí ẹ wò ó bí apá bá ká a. Bí ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnì ńlá bá ń mu ìlọ́po méjì, owó oúnjẹ ọmọ ni yóò máa mu.

A ti rí òbí tí ó ta ilẹ̀ ra ọkọ̀ olówó ńlá fún ọmọ kí ìlú lè mọ̀ pé òun náà tó bẹ́ẹ̀. Ìyìn ìlú kò pẹ́ títí. Àwọn agbófinró a máa dá irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ dúró lójú ọ̀nà pé níbo ni ó ti rí owó. Àwọn ọ̀rẹ́ a máa yá ọkọ̀ náà lọ sí òde. Àwọn olè a sì máa ṣọ́ ọ. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yí ojú wò ni ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Ẹni tí yóò ra ẹṣin a wo eyín rẹ̀. Àwa ọmọ Ọ̀yọ́ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, ẹ má ṣe lo ti ẹni tí ó ń tà á. Ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, kí a tan án lójú yín. Bí èéfín bá dúdú tàbí tí ó jẹ́ àwọ̀ búlúù, ẹ bèèrè ìdí rẹ̀. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀, ẹ wo abẹ́ ìjókòó àti ibi tí táyà ìpamọ́ ń gbé. Bí ẹrẹ̀, ìpẹtà tàbí òórùn omi bá wà níbẹ̀, omi ti bo ọkọ̀ náà rí, wáyà rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ọmọ yín sinmi. Ẹ wo nọ́ḿbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára táyà: bí ó bá jẹ́ 3519, ọ̀sẹ̀ karùn-dín-lógójì ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tí ó ti gbó lè bẹ́ nínú oòrùn bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dára.

Nọ́ḿbà ṣáásí ọkọ̀ ni ìwé ìtàn rẹ̀. Àmì 17 ni ó máa ń ní. Lára ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 5 dúró fún 2005, 9 fún 2009, A fún 2010, B fún 2011, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹni tí ó ń tà á bá wí pé 2009 ni, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 4, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Kí nọ́ḿbà tí ó wà lára ọkọ̀, èyí tí ó wà nínú ìwé aṣọ́bodè àti èyí tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ bá ara wọn mu láìyẹ̀ ní ẹyọ kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè fi owó yín ra ẹjọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi, nítorí ẹ̀yin ni ẹ máa ń fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò àti ọmọ. Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, ẹ rántí pé láti 2 April 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún rìn. Ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún kò yẹ ojú ọ̀nà wa, òfin wa kò sì gbà á; bí a bá sì tú u láti yí i padà, ìdarí àti bíréèkì tí a tún tò lè má rí bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tí ó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun gba Kùtọnu wọlé. Láti 1 January 2017 ni ìjọba ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé.

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ohun kan wà tí a fi ń bẹ̀ yín. Ní 2016, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ààbò ojú ọ̀nà níbẹ̀ kìlọ̀ pé nínú àwọn Honda àti Acura kan ti ọdún 2001 sí 2003, àpò afẹ́fẹ́ Takata tí ó yẹ kí ó gba awakọ̀ là lè bú gbàmù nígbà ìjàm̀bá, kí ó sì da irin wẹ́wẹ́ sí i lójú àti lọ́rùn. Wọ́n ní ewu náà lè tó ìdajì nínú ìjàm̀bá tí àpò náà bá ti tú. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú lo àpò Takata yìí. Nọ́ḿbà ọkọ̀ nìkan ni ẹ nílò láti fi wádìí lọ́dọ̀ àjọ náà, ọ̀fẹ́ sì ni ìwádìí àti àtúnṣe rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣe é kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí bí ó bá ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ tán, ta ni yóò tún un ṣe?

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe ná gbogbo owó tán sórí ọkọ̀. Ẹ pín owó sí mẹ́rin. Kí ẹ fi ìpín mẹ́ta ra ọkọ̀, kí ẹ fi ìpín kẹrin pamọ́ fún táyà, bàtírì, epo ẹ́ńjìnì, bíréèkì, ìyípadà orúkọ nínú ìwé ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò tí òfin béèrè. Ẹni tí ó bá fi ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ra ọkọ̀, ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì ni ó rà fún ọmọ rẹ̀ láìmọ̀.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a rántí ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ojú sí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí a dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1977, kí Ìjọba Àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù láti Èkó máa ń gbà lọ sí Ìlọrin àti Òkè Ọya. Kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkọ̀ wà má ṣe bá wọn dù ú. Kí a bá a ṣe àdéhùn kí a tó fún un ní kọ́kọ́rọ́: kò ní rin ọ̀nà náà lóru ní ọdún àkọ́kọ́, kò ní ya ọkọ̀ sílẹ̀ níbi kọ́nà, òun àti gbogbo ẹni tí ó bá gbé yóò de bẹ́líìtì, kò sì ní yá ẹnikẹ́ni ní ọkọ̀. Bí ó bá yẹ àdéhùn, kí kọ́kọ́rọ́ padà sílé.

A dá a lábàá pé kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan kó orúkọ àwọn mẹkáníìkì olóòótọ́ tí a mọ̀ jọ, kí òbí tí kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ lè rí ẹni bá a lọ sí ọjà. Ohun tí ọmọ ìlú lè ṣe fún ara wọn nìyẹn láìdúró de ìjọba.

Àwọn ọmọ wa yóò lọ, wọn yóò sì bọ̀. Ọkọ̀ kò ní di pósí fún wọn, a kò sì ní fi owó wa ra ẹkún. Àṣẹ.