Àgbọn Nínú Agbọ̀n



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ní kí ọmọ kan nínú kíláàsì wa ka òǹkà. Ó ka ti Gẹ̀ẹ́sì dé ọgọ́rùn-ún láìdúró. Nígbà tí ó kan ti Yorùbá, ó dé ẹẹ́wàá, ó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, àyè ni kò sí.” Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí ògbufọ̀? Èsì mi ni pé àyè wà, bí a bá lo ohun tí ọmọ fẹ́ràn.

Ìwé àwòrán kan wà tí ń jẹ́ Baby Goes to Market. Atinuke, ẹni tí a bí ní Nàìjíríà tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Wales, ni ó kọ ọ́; Angela Brooksbank ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ó jáde ní ọdún 2017. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń padà bọ̀ bí ègbè orin, débi pé ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà pàápàá lè máa gbè é.

Ìyá pọn ọmọ lọ sí ọjà. Àwọn ọlọ́jà fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà, ọsàn márùn-ún, ṣinṣín mẹ́rin, àgbàdo sísun mẹ́ta àti ègé àgbọn méjì. Ọmọ jẹ ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ju ìyókù sínú agbọ̀n tí ìyá rù. Ìyá kò mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣírò rẹ̀. Gbogbo ẹ̀bùn jẹ́ ogún. Ọmọ jẹ márùn-ún. Mélòó ni ó kù? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹ wò ó, èdè wa ti ṣe ìṣirò náà: ẹ̀ẹ́dógún ni ogún tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ẹ sì tẹ́tí sí ohùn: àgbọn ni a ń jẹ, agbọ̀n ni a ń rù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú wọn lọ sí ọjà East Street ní Barking. Kí wọ́n dárúkọ èso ní Yorùbá, kí wọ́n béèrè ilẹ̀ tí a ti kó o wá. Ẹ̀kọ́ nípa ayé nìyẹn. Nílé, kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n wo kóró rẹ̀, kí wọ́n yà á. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọnà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Jòhánù orí 6 fún wọn, níbi tí ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì ọmọdékùnrin kan ti bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ìyókù sì kún agbọ̀n méjìlá.

Ẹ béèrè ìwé náà ní ilé ìkàwé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọmọ tó sùn ti tó: kí ọmọ ka ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ̀yin sọ ti Yorùbá. Kí àjọ̀dún mìíràn tó pé, ẹ jẹ́ kí òǹkà àwọn ọmọ wa kọjá ẹẹ́wàá.