Ọjà Owó Pọ́ọ́kú: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Lórí Ṣíà

  

Lọ́dọọdún, iye tó wọlé àti iye tó jáde ni akọ̀wé máa ń kà fún yín. Ti ọdún yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ní ìpàdé méjì tó kọjá, àwọn kan nínú wa dábàá pé ká mú nínú owó tí a ń kó jọ fún ilé ẹgbẹ́, ká fi ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí nǹkan ò rọgbọ fún. Wọ́n ní kọ́bọ̀ lásán ni wọ́n ń tà á, wọ́n ní olówó ńlá kan ń bọ̀ wá gbé e dìde, kó tó di àmọ́dún owó wa á ti di ìlọ́po mẹ́wàá. A bi wọ́n pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n ń sọ ọ́." Ta ni "wọ́n"? A ò rí ẹni dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2008. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, òdiwọ̀n ọjà ìpín-ìdókòwò ju 66,000 lọ. Nígbà tó fi di oṣù kẹta ọdún 2009, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lọ. Àwọn kan nínú wa fi owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ṣíà nígbà náà. Ṣíà wálẹ̀, àmọ́ gbèsè ò wálẹ̀. Ìyá kan nínú wa ta fìrísà tó fi ń tọ́jú ẹja kó tó san án tán.

Ẹ tún wo Omatek. Obìnrin bíi tiwa, olóògbé Florence Seriki, tó kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì Ifẹ̀, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tò níbí, iṣẹ́ gidi ni. Lọ́dún 2008 ṣíà rẹ̀ wọ ọjà. Lẹ́yìn náà, gbèsè báǹkì dé, nǹkan sì le. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣíà rẹ̀ dúró sí 50 kọ́bọ̀. Ẹni tó bá wò ó á ní kò já mọ́. Àṣé òfin ọjà ló dá a dúró síbẹ̀, pé ṣíà ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó fẹ́ tà ò rí ẹni rà. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, tí ẹ bá ní ẹgbẹ̀rún náírà ni ẹja yín, tí ilẹ̀ ṣú tí ẹnikẹ́ni ò dúró, ṣé ẹgbẹ̀rún náírà ni iye rẹ̀? Ìyá náà dolóògbé lọ́dún 2017. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n yí òfin padà, ṣíà lè wálẹ̀ dé kọ́bọ̀ kan. Ti Omatek náà sì bọ́ sábẹ́ 50 kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ ìtàn Ẹ̀jìnrìn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹrù, ọjà ńlá ni. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò là, èrò fọ́n ká. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìsọ̀ síbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tó lé oníbàárà lọ, àti bóyá ohun náà ti kúrò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣíà. A máa ń ṣí ìjàgbá ẹja wò ká tó rà á. Ìjàgbá ilé-iṣẹ́ ni ìwé ìṣirò owó rẹ̀. Ẹ bi wọ́n: ṣé èrè wà lórí ọjà tí wọ́n ń tà? Èló ni gbèsè? Tí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, àwọn tó jẹ lówó ló ń kọ́kọ́ gba tiwọn, oníṣíà ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ tún bi wọ́n: tó bá dùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹni tó ní in lọ́wọ́ ń tà á fún wa?

A ò sọ pé kò lè gòkè o. Ilé-iṣẹ́ tó ti ṣubú ti dìde rí. Ṣùgbọ́n ìrètí kọ́ la fi ń kọ́lé. Ohun tí àwa ìgbìmọ̀ ń gbé síwájú yín nìyí: ká má fọwọ́ kan owó ilé, kí ẹnikẹ́ni má fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra ṣíà. Ẹni tó bá ní àṣẹ́kù tirẹ̀, tí ọmọ á ṣì lọ sílé ìwé bó bá sọnù, kó rà á ní orúkọ ara rẹ̀, lọ́wọ́ alágbàtà tí SEC fún níwèé àṣẹ, kó sì fi ìwé rẹ̀ han ọmọ rẹ̀.

Ẹ ó dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé gbogboogbò. Bí ẹ bá ti wí ni a ó ṣe. Ajé á wọlé tọ̀ wá o.